Ta Ni Promotora? Àlàyé lórí Iṣẹ́ Ìlera Láàárín Àwọn Obìnrin Tó Ń Sọ Èdè Sípáníìṣì ní Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá kọ “once a day” sí ara ike oògùn ní Amẹ́ríkà, ohun tí apòògùn ń sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí aláìsàn lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́. Lẹ́tà mẹ́rin inú “once” yìí kan náà, láìyọ ọ̀kan, láìfi ọ̀kan kún un, ni àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì fi ń kọ mọ́kànlá. Obìnrin tó ti Mexico tàbí Honduras dé, tó mọ ìwé kà dáadáa ní èdè tirẹ̀, lè wo ike náà kí ó sì gbà pé ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n ní kí òun lo oògùn náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ẹnikẹ́ni kò lè pè é ní òpè, nítorí pé ohun tó wà lára ike náà gan-an ló kà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń sọ pé ògbufọ̀ ni ojútùú rẹ̀. Òótọ́ ni dé àyè kan, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti rí sí i: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ìlú ti ọdún 1964 kò gba ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ láyè láti tìtorí ibi tí ènìyàn ti wá fi ìtọ́jú dù ú, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tí òfin náà ń dáàbò bò. Ìlànà tó wà lábẹ́ òfin ìlera ti ọdún 2010 tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ẹni tó bá ro ti ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ní kí ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ìgbà tó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn yóò mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọsibítù ni ògbufọ̀ wà. Kò sí nílé nígbà tí obìnrin náà ń rò ó bóyá kí òun tilẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń sọ pé kò sówó, kò sì sí níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà nígbà tí lẹ́tà èsì àyẹ̀wò dé tí kò sẹ́ni tó lè kà á nínú ilé. Ibi mẹ́ta wọ̀nyí ni iṣẹ́ promotora wà.

Promotora de salud ni orúkọ náà ní kíkún, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju obìnrin tó ń mú kí ìlera gbilẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, promotor ni wọ́n ń pè é. Láti àwọn orílẹ̀-èdè Latin Amẹ́ríkà ni àṣà náà ti wá, níbi tí àwọn abúlé tí dókítà kò sí ti ń yan ẹnì kan láàárín ara wọn kí wọ́n lè kọ́ ọ ní ohun tí yóò fi ran àwọn yòókù lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí American Public Health Association ṣe là á sílẹ̀, ohun tó ya irú òṣìṣẹ́ yìí sọ́tọ̀ ni pé ó jẹ́ ẹni tí àwọn ará àdúgbò fọkàn tán, tàbí tó mọ ìgbésí ayé wọn tinú tẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń ka èyí ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo lè rò pé CHEW ni à ń sọ, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń bá pàdé ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Wọn kò rí bákan náà. CHEW lo ọdún mélòó kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, ó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì lè fún ènìyàn ní oògùn ibà. Promotora kì í gún abẹ́rẹ́, kì í kọ oògùn fún ènìyàn, kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé àìsàn báyìí ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì kọ́; ògbufọ̀ kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gbọ́ èdè méjèèjì; ọ̀rẹ́ lásán náà kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọ̀rẹ́ ló ṣe ń wọlé.

Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé àwọn tó pe ara wọn ní Hispanic tàbí Latino ní Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì tàbí láti Latin Amẹ́ríkà, tó mílíọ̀nù 62. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ Sípáníìṣì, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń sọ ọ́ ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Láàárín àwọn tí kò gbọ́ ọ ni ìṣòro ti pọ̀ jù, àìsàn tó sì fi ìṣòro náà hàn kedere jù lọ ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, nítorí pé kò yẹ kí ó máa pa obìnrin níbi tí àyẹ̀wò bá ti wà. Fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló sábà máa ń fà á. Kì í ṣẹ́lẹ̀ lójijì: ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò kọjá kí ara tí fáírọ́ọ̀sì náà ti bà jẹ́ tó di jẹjẹrẹ, ní gbogbo àkókò yẹn sì ni àyẹ̀wò lè rí i, kí wọ́n sì mú un kúrò. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ni pé kí obìnrin tó wà láàárín ọdún 21 sí 29 ṣe àyẹ̀wò Pap, èyí tí wọ́n fi ń yẹ nǹkan díẹ̀ tí wọ́n gbà lára ẹnu ilé ọmọ wò, ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá wà láàárín 30 sí 65 lè máa ṣe Pap ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, tàbí kí ó ṣe àyẹ̀wò HPV ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí kí ó ṣe méjèèjì pọ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Síbẹ̀, jẹjẹrẹ yìí ń mú àwọn obìnrin Hispanic ju àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe Hispanic lọ ní ilẹ̀ náà. Àyẹ̀wò tó dé lásìkò, àti ìtọ́jú tó yẹ kó tẹ̀ lé e, ni kì í dọ́dọ̀ wọn bó ṣe yẹ.

Ohun kan wà níbí tó máa ń da àwọn obìnrin fúnra wọn láàmú, tó sì ń da òṣìṣẹ́ tí kò kọ́ṣẹ́ láàmú pẹ̀lú. Irinṣẹ́ kan wà tí dókítà fi ń la ojú ara obìnrin kí ó lè rí inú. Wọ́n ń lò ó fún Pap, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń lò ó bí obìnrin bá gbé inú rírun tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Obìnrin tó ti dùbúlẹ̀, tó ti gbẹ́sẹ̀ sókè, tó ti fara da irinṣẹ́ tútù yẹn, á padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé òun ti ṣe Pap. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dún tó kọjá, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò purọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Pap kò tíì wáyé àfi bí wọ́n bá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba nǹkan díẹ̀ lára ẹnu ilé ọmọ, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ promotora pé kí ó má ṣe dúró lórí “ṣé ẹ ti ṣe é?” Kí ó béèrè ohun tó gbé obìnrin náà lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, kí ó béèrè bóyá èsì kankan dé lẹ́yìn náà, àti ohun tí wọ́n ní àwọn rí. (Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì gé orúkọ àyẹ̀wò náà kúrú, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń sọ Sípáníìṣì, gbogbo orúkọ dókítà ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì náà ló ṣì ń jáde: el papanicolaou. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.)

Owó náà tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990 ni ètò kan ti wà lábẹ́ CDC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, tó ń bá obìnrin tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì ní ìṣúránsì, ṣe àyẹ̀wò ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ètò tí ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kò yàtọ̀ sí ètò tí kò sí. Iṣẹ́ promotora ni láti mọ ìloro ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù náà, láti mọ ìwé tí wọ́n á béèrè, àti láti mọ ọjọ́ tí dókítà obìnrin máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé àwọn kan wà tí kò ní jẹ́ kí ọkùnrin yẹ̀ wọ́n wò láé.

Ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́. Pẹ̀lú owó CDC ni wọ́n fi gbé ètò kan tí wọ́n pè ní AMIGAS kalẹ̀, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀rẹ́bìnrin ní Sípáníìṣì, tí promotora ń lo fídíò àti ìwé aláwòrán ńlá láti fi ṣàlàyé jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dán an wò láàárín obìnrin 613 tí ìran wọn wá láti Mexico, ní El Paso àti Houston ní Texas àti ní àfonífojì Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2013. Nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bí nǹkan ṣe máa ń rí, 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn ti lọ ṣe Pap. Nínú àwọn tó gba ètò náà ní kíkún, 52 ni. Ìlọ́po méjì kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé wo òdì kejì náà: lẹ́yìn fídíò, lẹ́yìn ìwé aláwòrán, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ojúkojú, 48 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tíì lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé promotora nìkan yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà kò ka iye yẹn.

Kí wá ni wọ́n ń kọ́ wọn gan-an? Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni yàrá tí olùkọ́ ti ń ya àwòrán ilé ọmọ sára pátákó. Èyí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Texas, tó ti ń ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1999, ka ọ̀nà mẹ́jọ sílẹ̀ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 160 gbọ́dọ̀ bo, ọ̀kan péré nínú wọn sì ni ìmọ̀ nípa ìlera àti àìsàn. Àwọn méje yòókù jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, bíbá ènìyàn lò, kíkọ́ni, síso ènìyàn pọ̀ mọ́ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà, jíjà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀, ríràn án lọ́wọ́ kí ó lè dá dúró, àti ìtòlẹ́sẹẹsẹ iṣẹ́. Mo gbà pé ìṣirò náà tọ̀nà. Ohun tí ènìyàn kò mọ̀ nípa HPV wà nínú ìwé tí ó lè ṣí nígbàkigbà. Ohun tí yóò sọ lẹ́nu ọ̀nà kò sí nínú ìwé kankan.

Nítorí náà ni eré àṣedánrawò fi pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n á ní kí ẹni méjì kojú ara wọn: ọ̀kan á ṣe bí obìnrin tó ń yan tortilla lórí iná, tí ọmọ ń ké nídìí rẹ̀, tí kò sì retí àlejò, èkejì á ṣe promotora. Àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni kí ó ti ṣí ìwé aláwòrán kí ó tó kí ènìyàn tán. Olùkọ́ á ní kí ó jáde, kí ó tún ilẹ̀kùn kàn. Lẹ́ẹ̀kejì á kọ́kọ́ béèrè ọmọ, á béèrè ìlú tí wọ́n ti wá, á sì dákẹ́ kí wọ́n dáhùn. Dídákẹ́ yìí ló ń ṣòro fún wọn jù. Wọ́n tún ń kọ́ wọn pé kí wọ́n yéé béèrè “ṣé ó yé yín?”, nítorí pé “sí”, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, ni èsì tí ìtìjú máa ń fún un. Ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí: “Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí ọkọ yín bá bi yín lálẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ fún un?” Ohun tí obìnrin náà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ló ń fi hàn bóyá ó yé e. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Èdè Sípáníìṣì ní usted àti tú bí tiwa ṣe ní “ẹ” àti “o”, ìwé tí wọ́n sì kàn yí láti Gẹ̀ẹ́sì lè máa pe ìyá àgbà ní “o” láti òkè délẹ̀. Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ohun tí ìyá náà á ṣe sí ìwé náà.

Sípáníìṣì pàápàá kò sì jẹ́ ọ̀kan. Lẹ́nu ọmọ Cuba tàbí Puerto Rico, guagua ni bọ́ọ̀sì. Lẹ́nu obìnrin tó ti orí òkè Ecuador wá, guagua ni ìkókó. Bí ará Mexico bá ní òun ń bọ̀ ahorita, ó lè jẹ́ nísinsìnyí tàbí láìpẹ́. Bí ará Puerto Rico bá sọ ọ́, ó di ìgbà tó bá yá, ẹni tó fẹ́ fún aláboyún ní ọjọ́ àyẹ̀wò sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ba ayé ènìyàn jẹ́. Ní gúúsù Florida ní ọdún 1980, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 18 kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Cuba lọ sí ọsibítù, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì lo ọ̀rọ̀ náà intoxicado, èyí tí ó túmọ̀ sí lẹ́nu wọn pé ó jẹ tàbí mu ohun tó dà á láàmú. Àwọn dókítà gbọ́ ọ bí ẹni tó lo oògùn olóró ní àlòjù, ẹ̀jẹ̀ sì ń ya nínú ọpọlọ rẹ̀ láìsí ẹni tó wá a lọ síbẹ̀. Tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn obìnrin wà tí wọ́n kọ “Sípáníìṣì” sí fáìlì wọn nítorí pé Mexico ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Mixteco ni èdè ilé wọn, bí irú àwọn tó pọ̀ ní agbègbè Oxnard ní California. Ògbufọ̀ Sípáníìṣì tí wọ́n pè fún irú wọn, àjèjì ló bá àjèjì pàdé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sísọ, ohun tó kù tí ẹ̀kọ́ náà ń tẹnu mọ́ ni ibi tí promotora gbọ́dọ̀ dúró. Obìnrin á fi ọwọ́ rẹ̀ sí kókó kan lára ọmú, á ní kí ó fọwọ́ kàn án kí ó sọ ohun tó jẹ́. Kò gbọdọ̀ sọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ sọ pé kò sí nǹkan, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn lè mú obìnrin náà jókòó sílé fún ọdún kan. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n jọ pe ilé ìwòsàn níbẹ̀ náà, kí ó sì tún padà béèrè bóyá ó lọ. Àṣírí wà níbẹ̀ pẹ̀lú: àdúgbò kan náà ni òun àti obìnrin náà ń gbé, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ẹnu tí kò dákẹ́ lè ba iṣẹ́ ọdún márùn-ún jẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ìgbà tí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti ń pàdé. Àwọn ará Mexico àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó yí wọn ká ń ṣe cuarentena, ogójì ọjọ́ tí ìyá ọmọ kì í jáde, tí wọ́n ń fún un ní ọbẹ̀ gbígbóná, tí ìyá tàbí ìyá ọkọ sì ń bá a gbé ọmọ. Àwọn tó mọ ogójì ọjọ́ tiwa kò ní rí i bí ohun àjèjì. Wọ́n ń kọ́ promotora pé kí ó má ṣe bá àṣà náà jà, kí ó kàn jẹ́ kí ìyá àgbà inú ilé mọ̀ pé orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, èémí tí kò délẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lọ́pọ̀ kì í ṣe ohun tí ìsinmi ń wò. Ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan tún wà, tí wọ́n gbé jáde ní Edinburgh ní ọdún 1987, tí wọ́n fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Ìkẹwàá nínú wọn ń béèrè bóyá ìyá náà ti ronú láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹni tí wọ́n kò bá tíì kọ́ ní ohun tí yóò ṣe bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ kí ó béèrè rẹ̀. Ohun tí promotora tí wọ́n ti kọ́ máa ń ṣe ni pé kò ní fi ìyá náà sílẹ̀ ní òun nìkan, á pe alábòójútó iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lè pe 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó ń ronú láti pa ara rẹ̀ tàbí tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje ọdún 2022, tí ẹni tó bá tẹ 2 níbẹ̀ á bá ẹni tó ń sọ Sípáníìṣì sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ń da àwọn ènìyàn láàmú ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ìwé ẹ̀rí Texas kì í ṣe ìwé àṣẹ bí ti nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ náà fún wákàtí 1000 lè fi ìrírí gbà á láìjókòó sí kíláàsì wákàtí 160. Ní California, ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí, àmọ́ tó ti ṣe wákàtí 2000 láàárín ọdún mẹ́ta, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí Medi-Cal, ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà fún àwọn tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn, ń san owó rẹ̀, kí ó sì wá ìwé ẹ̀rí náà láàárín oṣù 18. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tí àdúgbò ti fọkàn tán láti ogún ọdún ni ètò tó le jù yóò kọ́kọ́ tì síta.

Owó iṣẹ́ ni mo rí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó ìrànwọ́ ni wọ́n fi ń san promotora, bí owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta náà bá sì tán, iṣẹ́ tán nìyẹn. Medi-Cal bẹ̀rẹ̀ sí í san owó iṣẹ́ wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2022. Medicare náà, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì, ṣí ọ̀nà tirẹ̀ ní ọdún 2024. Síbẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Medi-Cal ń ka iṣẹ́ náà sí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí promotora àti ẹni tó ń ràn lọ́wọ́ bá jọ fi sọ̀rọ̀. Bí ó bá wọ bọ́ọ̀sì méjì dé ilé obìnrin tí èsì Pap rẹ̀ kò dára, tó kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, tó béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tí wọ́n sì sọ fún un pé wọ́n ti kó lọ sí oko ìkórè mìíràn, tó sì wá nọ́ńbà fóònù àbúrò rẹ̀ kiri títí ó fi rí i, kò sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kankan níbẹ̀ láti kọ sílẹ̀.